Yàrá Àwọn Àkèré Odò Òkè

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Òjò gidi rọ̀ lánàá, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lọ́dún yìí. Mo ra ìwé yìí nítorí pé ìwé ńlá tó wà nínú yàrá àkèré, nọ́ńbà nìkan ló ń gbà: bí omi ṣe tutù tó, iye ìrẹ̀ tí wọ́n jẹ. Ohun tó wà láyà mi kì í ṣe nọ́ńbà.

Méje ló kù. Akọ márùn-ún, abo méjì. Mọ́kànlá la kó sọ̀kalẹ̀ látorí òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èmi àti Dókítà, ọ̀gá yàrá àkèré yìí, lẹ́yìn tí àìsàn awọ wọ inú odò wọn tó ń pa wọ́n lọ bẹẹrẹ. Èmi gan-an ni mo di àpò tí a kó wọn sí mú. Látìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti padà lọ tú odò yẹn láti ìsàlẹ̀ dé orísun, wọn ò rí ẹyọ kan. Bí àwọn méje yìí bá kú, irú wọn ti tán láyé nìyẹn, ọwọ́ mi ni wọ́n sì kú sí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí n má baà máa tan ara mi jẹ.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí nílé ìwòsàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Dókítà fúnra rẹ̀, ọwọ́ mi ló bọ́ sí, ẹsẹ̀ ló sì mú wá sáyé, a là á já pẹ̀lú òógùn. Ìdí nìyẹn tó fi wá mi wálé. Ó ní òun fẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tí kì í fojú kéré aláìsàn. Mo ní, “Àkèré kẹ̀?” Ó ní, “Àkèré ni, Mà.”

Abo méjèèjì lóyún. Ẹyin ti kún inú wọn, akọ kò sì ya sọ́dọ̀ wọn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo lẹ ìwé tuntun mọ́ ilẹ̀kùn: Ẹ DÁKẸ́. ABOYÚN WÀ NÍBÍ. Bàtà ò gbọdọ̀ wọlé mọ́, ìbọ̀sẹ̀ nìkan. Mo fi aṣọ mẹ́ta wé ẹ̀rọ tó ń fa omi, kò sì dún mọ́ rárá. Omi ń rọra ṣàn nínú àpótí gíláàsì wọn bí òróró. Bí wọ́n bá ṣe ilé ìgbẹ̀bí kan báyìí fún mi nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ì bá wù mí.

Ìyá Agbálẹ̀ yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nítorí mi: “Ọlọ́run á jẹ́ ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ.”

Mo ní, “Àmín o. Ṣùgbọ́n abo wọn kì í fọhùn.”

Ó ronú sí i díẹ̀. “Ó dáa, ká ṣáà rí ìyá, ká rí ọmọ.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo gbé Ìyá Àgbà sórí òṣùwọ̀n. Gíráàmù mẹ́fà ààbọ̀. Òun ni abo tó dàgbà jù. Ìyàwó, abo kejì, gíráàmù márùn-ún. Àwọn akọ ò tó ìdajì wọn. Oríkèé àtàǹpàkò mi kan ni akọ kan.

Bí èèyàn bá kọ́kọ́ rí wọn, kò sí ohun tó wú ni lórí. Ẹ̀yìn wọn dú bí òkúta tó rin. Ṣùgbọ́n lónìí mo gbé Ìyá Àgbà sínú àwo gíláàsì, mo tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́, mo wò ó láti ìsàlẹ̀. Háà! Awọ ikùn rẹ̀ tín-ín-rín débi pé mo rí ẹyin inú rẹ̀ látìta, wọ́n funfun bí orí abẹ́rẹ́, wọ́n tò jọ pẹ́kípẹ́kí. Lókè wọn, mo rí ọkàn rẹ̀ tó ń lù. Gbogbo ọdún tí mo fi ń fọwọ́ wá orí ọmọ nínú ìyá rẹ̀, àfọwọ́bà ni gbogbo rẹ̀, bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Ẹ̀dá kékeré yìí wá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún mi. Mo dúró tì í títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé irú nǹkan báyìí wà láyé?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Òjò. Àwọn abo ò tíì yé ẹyin. Bàbá Ìbejì, ọkọ mi, ní kí n bi àwọn àkèré mi bóyá wọ́n á fún òun láyè kí n se tíì fóun. Mo ní kó lọ dá iná fúnra rẹ̀, ó ní ọwọ́ méjì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ìyàwó kú láàárọ̀ yìí.

Mo bá a tó na ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ikùn rẹ̀ le koko. Dókítà là á, ó ní kí n má wò, mo wò. Ẹyin ti bàjẹ́ sínú rẹ̀. Ó ti kọjá ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀, kò rí ibi bí i. Mo mọ irú ikú yìí lára èèyàn. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì láyé mi, ìgbà méjèèjì ló jẹ́ pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbé obìnrin náà dé ọ̀dọ̀ mi. Èyí kò pẹ́ dé. Iwájú mi ló wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, mo ń fojú mi wò ó.

Abo kan ṣoṣo ló kù. Òun náà ti ń le níkùn, mo sì yà á sínú àpótí tirẹ̀.

Dókítà la ẹnu bíi kó sọ nǹkan fún mi, ó tún pa á dé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ní n ò lọ síbi iṣẹ́ mọ́ láé. Aago mẹ́jọ, mo lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an kó má lọ sọnù lórí mi.

Páìpù tó ń gbé omi òjò wá láti orí òrùlé ti ń jò láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó sì gba orí àpótí àwọn akọ kọjá. Wọ́n rán púlọ́ńbà wá, géńdé kan báyìí tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè ní Sọ̀rọ̀sókè. Mo dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Bọ́ bàtà rẹ. Má gbá nǹkankan. Má fi irin lu irin.”

Ó ka ìwé ara ilẹ̀kùn, ó wò mí. “Màmá, páìpù kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ o.”

“Ìwọ gbọ́ tèmi ná.”

Ó gun àkàbà, ó rọra ń yí ìdè páìpù náà, èmi sì dúró tì í bí ọlọ́pàá. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ìdè yẹn fò yọ. Omi tú jáde, kì í ṣe kékeré! Ó lu ògiri, ó ta padà, ó dà gbàà sínú àpótí àwọn akọ, ó ń ṣán òkúta inú rẹ̀, gbogbo yàrá sì ń hó yèè. Mo ké. Mo bú Sọ̀rọ̀sókè, mo bú ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, Ọlọ́run má ṣèṣirò ẹnu mi lónìí lọ́run. Mo sáré bá àpótí náà kí n gbé e kúrò, omi ń bọ́ sí mi lójú.

Mo wá rí i.

Akọ kan ti jáde lábẹ́ òkúta, òun tí kò kúrò nínú ihò láti oṣù kẹta. Ó jókòó sínú ibi tí omi ti ń ta jù. Ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan sókè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó nà án gbọọrọ, ó la ìka rẹ̀. Awọ tó wà láàárín ìka náà tàn, funfun báláú, àwọ̀ ojú ọ̀run díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó yí ẹsẹ̀ náà po lókè, ó dá a padà. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Akọ kejì jáde, ó dá a lóhùn. Ẹ̀kẹta jáde. Láàárín ìgbà tí mo fi mí lẹ́ẹ̀mẹwàá, àwọn márààrún ti dúró lórí òkúta, wọ́n ń juwọ́, àbí kí n ní wọ́n ń jusẹ̀, ẹ̀dá tí mo rò pé dúdú ni gbogbo ara wọn.

Sọ̀rọ̀sókè pariwo lókè, “Mo ti ń tì í, Màmá! Mo ti ń tì í!”

Mo ní, “Má tì í! Mo bẹ̀ ọ́, nítorí Ọlọ́run, má tì í!”

Ó wo ìsàlẹ̀ bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Ó wá rí ohun tí mo ń wò. Ọkùnrin náà rọra sọ̀kalẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú omi tó dé ọrùn ẹsẹ̀. Nínú àpótí kejì, Ìyá Àgbà ti gun ara gíláàsì, ó kọjú sí wọn, kò ṣẹ́jú.

Aṣọ mi ò tíì gbẹ títí di ìsinsìnyí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ó ti yé mi, ó sì dùn mí dé egungun. Ariwo ni ilé wọn. Inú omi tó ń já láti orí àpáta ni Ọlọ́run fi wọ́n sí. Ohùn kò lè dé ibì kankan níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ẹsẹ̀ pe aya. Bí omi ò bá hó, wọ́n gbà pé ọ̀gbẹlẹ̀ ni, akọ ò ní jáde, abo ò ní yé. Èmi náà ti dé odò yẹn! Mo gbọ́ ariwo rẹ̀ pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Mo padà délé, mo fi aṣọ wé ẹ̀rọ.

Mo bá Dókítà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní, “Ṣé o mọ̀?”

Ó tẹ orí ba. “Mo fura, Mà. Láti oṣù karùn-ún.”

“O fura, o sì dákẹ́?”

“Ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí mi. Màmá mi ò lè sọ ìtàn ìbí mi kó má dárúkọ yín. Ẹ ní aboyún ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wò yín lójú pé kò rí bẹ́ẹ̀? Mo ní màá sọ ọ́ ní ọ̀la, mo ní màá sọ ọ́ ní ọ̀la. Ìyàwó wá kú.”

Inú bí mi gidi. Lẹ́yìn náà mo rí i pé ara mi ni mo ń bínú sí. Ta ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń mú gbogbo èèyàn dákẹ́ tipátipá? Nọ́ọ̀sì àgbà ni. Ọwọ́ tí mo fi gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni mo fi pa obìnrin yẹn.

Mo ní, “Bí mo bá tún ń ṣìnà, gbá mi létí bó bá gbà bẹ́ẹ̀.”

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Mà, kò ní débẹ̀.” Àwa méjèèjì sunkún díẹ̀, a nu ojú, a padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo fa ìwé ara ilẹ̀kùn ya.

Ogúnjọ́, Ọjọ́bọ̀

Sọ̀rọ̀sókè kọ́ odò fún wa. Láti òwúrọ̀ títí di aago mẹ́rin ló fi ṣe é: páìpù ńlá láti òrùlé, ẹ̀rọ méjì tó ń dá omi padà sókè, òkúta pẹlẹbẹ tó ń gbé omi já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi ọwọ́ irin kan sí ẹnu omi tí a ó fi máa yí agbára rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló béèrè pé irú òkúta wo ni wọ́n ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Ó ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún méjìdínlógún, kò sí ẹni tó tíì juwọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ òun rí, ti ẹsẹ̀ ni òun kọ́kọ́ gbà.

A kó àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú odò kan náà. Ikùn Ìyá Àgbà ti le ju ti ọjọ́ Ajé lọ. Mo fọwọ́ kàn án, mi ò fẹ́ràn bó ṣe rí.

Bátìrì fún iná ọwọ́ ti tún wọ́n sí i. Mo rà á bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Ó yé o! Ó yé!

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ láàárọ̀. Láti àná ni akọ kan ti gun ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tó kéré jù nínú wọn, n ò mọ ohun tó rí lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn. Ó gbé ọkọ rẹ̀ pọ̀n, ó wọ abẹ́ òkúta pẹlẹbẹ náà, níbi tí omi ti le jù lọ. Ó dorí kodò, ó tẹ ikùn mọ́ òrùlé òkúta. Mo dùbúlẹ̀ lórí símẹ́ńtì, mo fi iná ọwọ́ wò wọ́n. Mo rí ìrora rẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé ẹranko kì í rọbí. Ara rẹ̀ fún, ó tú, ó fún, ó tú, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ẹyin kan sì jáde, ó lẹ̀ mọ́ òkúta. Omi ń gbá a, kò ṣí. Òmíràn jáde. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, “Rọra, rọra, mí sínú, ó kù díẹ̀,” bí mo ṣe máa ń sọ fún wọn nílé ìwòsàn. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí Dókítà àti Ìyá Agbálẹ̀ àti Sọ̀rọ̀sókè, gbogbo wọn wà lórí ìkúnlẹ̀.

Mẹ́tàlélógójì. Ìyá Àgbà jáde lábẹ́ òkúta, ikùn rẹ̀ ti rọ̀ bí àpò òfìfo, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ó gbé ìrẹ̀ kan mì.

Sọ̀rọ̀sókè ní, “Ẹ kú ewu ọmọ o, Màmá.”

Mo ní, “Òun ni kí o kí, òun ló ṣiṣẹ́.” Ó kí Ìyá Àgbà lóòótọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́

Ẹyin mẹ́sàn-án ti rà. Mo fi irun àgùntàn tí mo so mọ́ igi tín-ín-rín yọ wọ́n kúrò kí wọ́n má baà ran àwọn tó kù. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló kù. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan mo ti ń rí ojú. Ojú méjì, dúdú, nínú nǹkan tó kéré ju hóró ìrẹsì lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje

Ẹyin ti pa ọmọ. Légbénlègbé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, wọ́n ń fi ìrù lu omi. Bàbá Ìbejì wá wò wọ́n. Kò dápàárá kankan. Ó bọ́ fìlà, ó wò wọ́n pẹ́ títí, ó ní, “Ìyá Ìbejì, ọjọ́ tí o bí àwọn ìbejì ni mo rí ojú rẹ báyìí kẹ́yìn.”

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Wọ́n kéré jọjọ. Mo fi ọwọ́ irin yí omi wálẹ̀ sí ìlàjì. Dókítà ní, “Mà, ṣé ó yẹ?” Mo ní ọmọ tuntun ni wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Mẹ́ta ti kú láti àárọ̀ àná. Àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó kù ń jókòó sílẹ̀ àpótí láìjẹun. Dókítà wọlé, ó dúró síwájú mi, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní:

“Mà, ẹ ní kí n gbá yín létí. Mo gbá yín o. Omi yẹn ti kéré jù. Afẹ́fẹ́ ò sí nínú rẹ̀, ewé orí òkúta tí wọ́n ń jẹ ti ń kú. Ẹ ṣí i.”

“Bó bá gbá wọn lọ ńkọ́? Wo bí wọ́n ṣe kéré tó!”

“Mo ti wò ó. Ẹ ṣí i.”

Mi ò lè ṣí i lónìí. Ó ní ká ṣe é díẹ̀díẹ̀, ká fi agbára kún un lójoojúmọ́, kó jẹ́ pé ọjọ́ Ajé la ó ṣí i tán. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, ọmọ yẹn. Inú mi bàjẹ́, inú mi sì dùn sí i.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Aago mẹ́wàá ni gbogbo wa pé. Mo ní kí Sọ̀rọ̀sókè ṣí ẹnu omi. Ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. “Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣí i, Màmá.”

Mo di ọwọ́ irin náà mú. Mo rántí Ìyàwó. Mo yí i dé òpin.

Omi bú. Ó funfun lórí òkúta, ó hó débi pé mi ò rí òkúta náà mọ́, ká tó sọ pé mo rí ọmọ. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, o ti pa wọ́n tán. Mo kúnlẹ̀, mo gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lé gíláàsì, mo wá ibi tí ìfófò ti là díẹ̀.

Ọ̀kan rèé. Ẹnu rẹ̀ ló fi di òkúta mú. Gbogbo ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ jẹ́ ẹnu, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta pinpin, ìrù rẹ̀ ń gbọ̀n nínú omi, omi tó lè gbé àwo onírin lọ ń gba orí rẹ̀ kọjá, kò ṣí kúrò níbẹ̀. Mo túbọ̀ wò ó. Etí ẹnu náà ń ṣí díẹ̀, ó ń pa dé, ó ń rìn síwájú. Ó ń jẹun! Ibi tó ti ń di òkúta mú fún ẹ̀mí rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń jẹun. Ọlọ́run ọba! Ta ló kọ́ ọ? Ọjọ́ mẹ́tàlá ló pé láyé. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí, mo gbọdọ̀ kọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ̀rù bà mí tayọ̀tayọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Mo kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, lókè rẹ̀, lábẹ́ rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀tọ̀ ni ó jẹ́, mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Mo kà á lẹ́ẹ̀kẹrin, ó bá ti ẹ̀kẹta mu.

Dókítà wà lódìkejì àpótí. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò, ó ń béèrè nǹkan, omi ò jẹ́ kí n gbọ́ ẹyọ kan. Ó fi ọwọ́ sétí. Èmi náà pariwo, kò gbọ́. Mo bá dìde lórí eékún. Mo gbé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè, mo ká wọn. Mo tún gbé mẹ́wàá. Mo tún gbé mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà mo gbé ẹyọ kan.

Ó ń wo ìka kan yẹn, ó ń dúró bóyá màá sọ ọ́ kalẹ̀. Mi ò sọ ọ́ kalẹ̀. Ó jókòó sínú omi tó wà nílẹ̀ tòun ti kóòtù funfun rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, mo sì na ìka náà sókè síbẹ̀.